Kàlẹ́ńdà Méjì: Bí A Ṣe To Owó Ilé Wa ní Ìlọrin Lọ́dún 2025

Owó oṣù ni ọkọ mi ń gbà, ìparí oṣù òyìnbó ló sì ń wọlé. Èmi ń ránṣọ ní Gáà-Àkànbí, òṣùpá ni owó tèmi ń bá rìn. Bí ààwẹ̀ bá ti wọ ìdajì, aṣọ Ìtúnu á kún ṣọ́ọ̀bù dé orí bẹ́ńṣì. Bí Iléyá bá ku ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, oorun á dínkù lójú èmi àti àwọn ọmọṣẹ́ mi. Lẹ́yìn Iléyá, ṣọ́ọ̀bù á dá. Bí ìnáwó ilé náà ṣe rí nìyẹn: owó ilé-ìwé ń tẹ̀lé oṣù òyìnbó, àgbò ń tẹ̀lé òṣùpá. Lójú tèmi, ibẹ̀ gan-an ni ìpinnu ọdún tuntun ti ń bàjẹ́ mọ́ ọ̀pọ̀ ilé lọ́wọ́ ní Ìlọrin. A ó pinnu ní oṣù kìíní pé lọ́dún yìí a ó tọ́jú owó, a ò sì ní wo ibi tí òṣùpá ti máa bá wa.

Kí 2025 tó wọlé, èmi àti bàbá àwọn ọmọ gbé kàlẹ́ńdà kan kalẹ̀, irú èyí tí àwọn ilé-kéwú máa ń tẹ̀, tó ní oṣù òyìnbó àti oṣù Lárúbáwá lójú ewé kan náà. Ọdún òṣùpá fi nǹkan bí ọjọ́ mọ́kànlá kúrú sí ti òyìnbó, ìdí nìyẹn tí ààwẹ̀ fi ń tètè dé sí i lọ́dọọdún. Mo mú bírò pupa, mo fi yí gbogbo ibi tí owó ńlá máa bọ́ sí. Oṣù kìíní, owó ilé-ìwé. Ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kẹta, ààwẹ̀. Ìparí oṣù kẹta kan náà, Ìtúnu. Ìparí oṣù kẹrin, owó ilé-ìwé sáà kẹta. Ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kẹfà, Iléyá. Ó sì rí bẹ́ẹ̀: ọjọ́ 1 oṣù kẹta la bẹ̀rẹ̀ ààwẹ̀, ọjọ́ 30 la túnu, ọjọ́ 6 oṣù kẹfà la kírun Iléyá. Láti ibẹ̀ títí dé òpin ọdún, ìnáwó ńlá kan ṣoṣo ló kù, owó ilé-ìwé oṣù kẹsàn-án.

Bàbá àwọn ọmọ wò ó títí. Ó ní, "Ìyá Mọ́ríámọ̀, oṣù mẹ́fà ló máa jẹ ọdún yìí tán."

Mo ní, "Ẹ jẹ́ ká kọ iye tí ọ̀kọ̀ọ̀kan máa jẹ, ká sì kọ ẹni tó máa bọ́ ọ."

Ó fẹ́ ká ti orí àgbò bẹ̀rẹ̀. Mo bẹ̀ ẹ́ pé kí a kọ́kọ́ kọ ti ilé-ìwé. Ẹni tí agbára rẹ̀ bá ká a ni Ọlọ́run ní kó pa àgbò, ṣùgbọ́n ọ̀gá ilé-ìwé kì í béèrè bóyá agbára ká a. Ó gbà. A wá pín in: owó oṣù tirẹ̀ ni yóò máa ru owó ilé-ìwé, iná àti gáàsì, owó aṣọ tèmi ni yóò máa ru oúnjẹ tí a fẹ́ rà pa mọ́ àti Iléyá. Bí a bá pín in sí iye oṣù tó kù kó tó dé, a mọ iye tó gbọ́dọ̀ kúrò nílẹ̀ lóṣooṣù. Àgbò tí ẹ bá fojú sí ₦200,000, tí oṣù mẹ́wàá bá wà níwájú rẹ̀, ₦20,000 ni lóṣù. Owó náà kò kéré, ṣùgbọ́n ó sàn ju kí ènìyàn máa wá gbogbo rẹ̀ lọ́sẹ̀ tí àgbò wọ́n jù.

Lẹ́yìn ìyẹn ni a wá wo ibi tí owó ti ń jò. Mo ti ń kọ gbogbo ohun tí a ń ná láti ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kejìlá sínú ìwé ọmọ ilé-ìwé kan, títí kan owó kẹ̀kẹ́ àti owó omi tútù. Ìrẹsì àti ẹran kọ́ ló ń kó wa lówó lọ jù, iná ni, gáàsì tẹ̀lé e, ẹ̀kẹta ni ata àti tòmátì tí a ń rà díẹ̀díẹ̀ lójoojúmọ́. Mo máa ń gbọ́ tí àwọn èèyàn ń sọ pé kí ilé dín ẹran ọbẹ̀ ọmọ kù kí owó lè wà. Mi ò fara mọ́ ọn. Ẹ kọ́kọ́ wo mítà yín ná.

Àdúgbò wa wà ní Band A, ìpele tí wọ́n ń fún ní iná jù, tí owó rẹ̀ sì wọ́n jù. Láti oṣù kẹrin ọdún 2024 ni iye iná Band A ti fò sókè, ₦209.50 sì ni yúnìtì kan nígbà tí a ń ṣe ìṣirò yìí, láìka owó orí tó wà lórí rẹ̀. Iwájú ilé ni ṣọ́ọ̀bù mi wà, mítà kan náà la ń lò. Ohun tí mo ṣe ni pé mo wo ojú mítà, mo rí i pé wọ́n kọ 1000 imp/kWh síbẹ̀. Ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé bí iná pupa kékeré tó wà lójú rẹ̀ bá ṣẹ́jú ní ẹgbẹ̀rún ìgbà, yúnìtì kan ti lọ. Mo pa gbogbo nǹkan inú ilé, mo tan ohun kan ṣoṣo, Mọ́ríámọ̀ di fóònù mú láti fi wo aago, èmi ń ka bí iná náà ṣe ń ṣẹ́jú.

Gílóòbù aláwọ̀ ẹyin tí a bá nínú ilé náà, tó jẹ́ 60 wáàtì, ń ṣẹ́jú lẹ́ẹ̀kan ní ìṣẹ́jú kọ̀ọ̀kan. Ayọ́ọ̀nù mi, tó jẹ́ 1,000 wáàtì, ń ṣẹ́jú bí ìgbà mẹ́rìndínlógún sí mẹ́tàdínlógún láàárín ìṣẹ́jú kan tó bá ń gbóná lọ́wọ́. Ọmọ mi fúnra rẹ̀ ló kígbe pé, "Màámi, ayọ́ọ̀nù yìí ń jẹ iná o!" Láti ọjọ́ náà, kò sí ẹni tó tún nílò kí n sọ fún un pé kó pa nǹkan.

Ẹ wo ti gílóòbù nìkan. Mẹ́rin, wákàtí márùn-ún lálẹ́: yúnìtì 1.2 lójúmọ́, yúnìtì 36 lóṣù, ₦7,542. A yọ wọ́n, a fi LED oníwáàtì 9 rọ́pò wọn. Mẹ́rin náà, wákàtí márùn-ún náà, wá di yúnìtì 5.4 lóṣù, owó rẹ̀ lé díẹ̀ ní ₦1,100. Ti ayọ́ọ̀nù, mi ò lè pa iṣẹ́ tì. Aṣọ tí wọn kò lọ̀ kì í jókòó dáadáa lára oníbàárà. Mo kàn yí ètò rẹ̀ padà ni: dípò kí ọmọṣẹ́ kọ̀ọ̀kan máa tan án nígbà tó bá rán ojú kan tán, a ń kó gbogbo ohun tó fẹ́ ayọ́ọ̀nù jọ sínú apẹ̀rẹ̀, a ń lọ̀ wọ́n pa pọ̀ lówùúrọ̀ àti lọ́sàn-án. Bí ayọ́ọ̀nù bá ti gbóná, ooru rẹ̀ ń ṣiṣẹ́ lára aṣọ púpọ̀, kò ní máa ṣẹ̀ṣẹ̀ gbóná lákọ̀tun nítorí kọ́là kan.

Ti gáàsì kò gùn. Lára ọrùn sìlíńdà ni wọ́n ti lu ìwọ̀n rẹ̀ nígbà tó ṣófo sí. Ẹ kà á kí ẹ tó kúrò nílé. Bí ẹ bá dé ibi tí wọ́n ti ń rọ ọ́, ẹ rí i pé òṣùwọ̀n wà lórí òdo, kí ẹ gbé sìlíńdà sí i kí wọ́n tó rọ ọ́ àti lẹ́yìn tí wọ́n bá rọ ọ́ tán. Ìyàtọ̀ méjèèjì ni gáàsì tí ẹ rà. Kì í ṣe ìjà, ẹ̀tọ́ yín ni. Nílé, a ń rẹ ẹ̀wà sómi mọ́jú, a sì ń dé ìkòkò. Bí iná bá pupa tí ìdí ìkòkò ń dúdú, ojú ẹ̀rọ ìdáná ti dí, ẹ fọ̀ ọ́.

Oúnjẹ ni mo gbádùn jù níbẹ̀. Ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn ni tòmátì ń pọ̀ láti òkè Ọya, òun náà ni ìgbà tí ó ń dínwó ní ọjà Ìpàta. Bí òjò bá ti dé, apẹ̀rẹ̀ kan á di ohun tí èèyàn ń bẹ̀rù láti béèrè owó rẹ̀. Èmi, Ìyá Àwáwù àti àwọn obìnrin méjì mìíràn ní àdúgbò dá owó jọ, a lọ sí Ìpàta láàárọ̀ kùtù, a ra apẹ̀rẹ̀ ńlá, a pín in. Ọyẹ́ ṣì wà. A gé tòmátì àti tàtàsé pẹlẹbẹ, a bu iyọ̀ díẹ̀ sí i, a tẹ́ ẹ sórí àwọ̀n mímọ́ tí a gbé sókè kúrò nílẹ̀, a fi àwọ̀n mìíràn bò ó nítorí eṣinṣin. Lálẹ́ a ń kó o wọlé kí ìrì má bàa sẹ̀ sí i. A ń sá a títí ó fi ń ṣẹ́ bí èèyàn bá tẹ̀ ẹ́. Tó bá ṣì rọ̀, yóò bu. Àwa jẹ ọbẹ̀ rẹ̀ nígbà òjò, ó sì dùn mọ́ mi láti rí àwọn ọmọ tí wọ́n ń fi àmàlà nu abọ́.

Ẹ̀wà náà, ìkórè rẹ̀ máa ń parí kí ọdún tuntun tó dé, ìgbà yẹn la ra tiwa ní àpò, àwa mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Èèyàn á ní, kòkòrò ńkọ́? Ẹ sá ẹ̀wà kó gbẹ dáadáa, ẹ kó o sínú kẹ́ẹ̀gì tó gbẹ táútáú, ẹ kún un dé ẹnu pátápátá kí afẹ́fẹ́ má ráyè, ẹ fi ọ̀rá sí ẹnu rẹ̀, ẹ dé e le. Ẹ má ṣí i fún oṣù kan ó kéré tán. Kòkòrò tó bá wà níbẹ̀ yóò lo afẹ́fẹ́ tó kù tán, yóò sì kú. Nítorí náà kẹ́ẹ̀gì kéékèèké ló dára, kí èyí tí ẹ ń jẹ má bàa ba èyí tó kù jẹ́. Mo bẹ gbogbo ìyá tó bá ka èyí: ẹ má ṣe fi oògùn olómi tí wọ́n fi ń pa ẹ̀fọn sí ẹ̀wà. Májèlé ni. NAFDAC ti fòfin de títa ìgò kékeré rẹ̀ lójú ọjà láti 2019, ìlòkulò bẹ́ẹ̀ sì wà lára ìdí rẹ̀.

Ibi tí a ń kó owó náà pa mọ́ sí ńkọ́? Tèmi, alájọ ló ń wá sí ṣọ́ọ̀bù nírọ̀lẹ́. Owó ọjọ́ kan nínú oṣù ni tirẹ̀. Àwọn kan ń sọ pé òfò ni. Èmi kò rí i bẹ́ẹ̀, nítorí ó ń gbà á lọ́wọ́ mi kí owó kan tó di dátà tàbí bisikíìtì. Yàtọ̀ sí ìyẹn, mo wà nínú èésú àwa obìnrin, mo sì bẹ ìyá èésú kí wọ́n fi èmi sí oṣù kẹrin, kí ó lè pàdé sáà kẹta tí owó oṣù bàbá àwọn ọmọ bá kù díẹ̀ káàtó. Wọ́n gbà nítorí pé mo tètè sọ. Bàbá àwọn ọmọ wà nínú ẹgbẹ́ aláfowọ́sowọ́pọ̀ níbi iṣẹ́ wọn, èyí tí kò gba èlé, nítorí a kò fẹ́ ribà nínú ilé wa. Wọ́n ń yọ tirẹ̀ kí owó oṣù tó dé ọwọ́ rẹ̀.

Iléyá 2025 kọjá láìsí gbèsè. Lẹ́yìn rẹ̀, nígbà tí iye àgbò ti rọlẹ̀, a lọ sí Ajásẹ́-Ìpo, a ra akọ àgùntàn kékeré kan sílẹ̀ de ọdún tó ń bọ̀. Èèpo iṣu, ẹ̀ẹ̀rí ògì àti èèpo ẹ̀wà ilé wa ló ń jẹ. Èèpo ẹ̀gẹ́ tí a bá rí, a ń sá a gbẹ kí a tó fún un, nítorí tútù rẹ̀ lè pa á. Mo máa ń yẹ ojú àti ẹsẹ̀ rẹ̀ wò, torí àgbò tí ojú rẹ̀ fọ́, tó ń tiro, tó ṣàìsàn tàbí tó rù hangogo kò yẹ fún Iléyá.

A ti gbé kàlẹ́ńdà 2026 kalẹ̀ báyìí. Bí òṣùpá bá yọ bí a ṣe retí, àárín oṣù kejì ni ààwẹ̀ máa wọlé, Ìtúnu máa bọ́ sí nǹkan bí ọjọ́ 20 oṣù kẹta, Iléyá sí ìparí oṣù karùn-ún. Owó ilé-ìwé oṣù kìíní àti oúnjẹ ààwẹ̀ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ fara kan ara wọn. Mo ti lọ bá ìyá èésú, wọ́n sì ti gbé ìkó mi kúrò ní oṣù kẹrin wá sí oṣù kejì.