Bí mo ṣe yẹ mẹ́dọ̀wú C wò ní ìjókòó kan

Ìyàwó ọ̀gbẹ́ni kan fẹ́ bímọ, wọ́n ní kó wá fi ẹ̀jẹ̀ sílẹ̀. Ibi tó kọ́kọ́ lọ, wọ́n ní ó ní hepatitis C, ìyẹn mẹ́dọ̀wú C, àìsàn ẹ̀dọ̀ tí kòkòrò inú ẹ̀jẹ̀ ń fà, wọ́n ní kó máa lọ. Ìgbà tó fi dé lábù wa n'Íbàdàn, ó ti ń mu àgbo tí wọ́n ní ó ń fọ ẹ̀dọ̀.

Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni mo fa ẹ̀jẹ̀, sínú ìgò oníderí àlùkò, èyí tó máa tó àyẹ̀wò méjì tí mo fẹ́ ṣe. Mo kán díẹ̀ sórí kíìtì, pátákó àyẹ̀wò kékeré tí ìlà ń yọ lójú rẹ̀, mo kán omi tó bá a wá lé e, mo ń wo aago. Iye ìṣẹ́jú tó wà lára páálí ni kí ẹ tẹ̀ lé. Bó bá pẹ́ jù, ìlà tí kò yẹ kó yọ lè yọ. Ìlà kọ́kọ́ yọ níwájú C. Ó fò dìde: "Ẹ ò rí i, C náà nìyẹn!" Mo ní kó fọkàn balẹ̀, gbogbo kíìtì ló ní C, òun ló ń jẹ́ ká mọ̀ pé kíìtì ṣiṣẹ́. T là ń wò. Àfi bí T náà ṣe yọ, tó tín-ín-rín bí òwú.

Ibí yìí ni àwọn lábù kan ń bá iṣẹ́ dé tí wọ́n á ní ó parí, ó sì máa ń bí mi nínú. T kì í wá kòkòrò fúnra rẹ̀. Ohun tí ara pèsè láti fi bá a jà ló ń wá, ìyẹn á sì wà lára lẹ́yìn tí kòkòrò bá ti lọ. Nínú 100 èèyàn tó bá kó o, ara bíi 30 máa ń lé e dànù láàárín oṣù mẹ́fà láìlo oògùn.

Tẹ́lẹ̀, wọ́n á ní kí aláìsàn lọ, kó padà wá fa òmíràn. Ọ̀pọ̀ kì í padà wá. Ní 2022 ni Àjọ Ìlera Àgbáyé gbà wá níyànjú pé ká máa fi ẹ̀jẹ̀ àkọ́kọ́ yẹn ṣe àyẹ̀wò èkejì, èyí tó ń wá kòkòrò fúnra rẹ̀. Mo fi ẹ̀rọ yí èyí tó kù, mo fa omi ojú rẹ̀ sínú kátíríìjì, ike kékeré tó ń wọ inú ẹ̀rọ, mo tì í bọ GeneXpert, ẹ̀rọ tá a fi ń yẹ ikọ́ ẹ̀gbẹ wò. Ọ̀gbẹ́ni lọ jẹ àmàlà. Kò tó wákàtí méjì, èsì jáde: kò sí kòkòrò.

Ká ní ó wà ni, oògùn sofosbuvir àti daclatasvir fún ọ̀sẹ̀ 12 ló kàn, ó sì ń wo ju 95 lọ sàn nínú 100. Mo kọ èsì méjèèjì sórí ìwé kan. Mo ní kó fi àgbo sílẹ̀, kó sì máa mú bíléèdì tirẹ̀ lọ sọ́dọ̀ onígbàjámọ̀, torí èèyàn lè tún un kó. Ẹ̀jẹ̀ tí wọ́n ní kó fi sílẹ̀ nítorí ìyàwó rẹ̀ ńkọ́? Wọn ò ní gbà á lọ́wọ́ ọ̀gbẹ́ni náà, torí T yẹn ṣì máa yọ. Àbúrò rẹ̀ ló pè kó wá fi ẹ̀jẹ̀ sílẹ̀ dípò òun.