Àṣìṣe tó wọ́pọ̀ nígbà tí a bá ń fi Crown Grant Èkó wá àwọn baba ńlá wa

Ní ọjọ́ kẹfà oṣù Kẹjọ ọdún 1861 ni Ọba Dòsùnmú fọwọ́ sí ìwé tó sọ Èkó di ti ọba obìnrin ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Nígbà tó di 1863, ìjọba tuntun náà ti gbé ìgbìmọ̀ kalẹ̀ tó ń yẹ ọ̀rọ̀ ilẹ̀ wò, wọ́n sì ń kọ ìwé fún ẹni tó bá lè fi hàn pé ibi tí òun ń gbé tọ́ sí òun. Ìwé yẹn ni gbogbo Èkó mọ̀ sí Crown Grant títí dòní. Orúkọ ẹni tó gbà á wà níbẹ̀, ọjọ́ wà níbẹ̀, àdúgbò wà níbẹ̀, orúkọ àwọn tí wọ́n jọ pààlà náà wà níbẹ̀. Fún ẹni tó ń wá orírun ìdílé rẹ̀, ìṣúra ni. Ṣùgbọ́n ìwé ilẹ̀ ni, kì í ṣe ìwé ìbí. Ó máa ń dùn mí tí mo bá rí ìdílé tó ti kọ ìtàn odindi ìran mẹ́rin lé orí orúkọ kan tí kò bá wọn tan rárá, tí wọ́n sì ti tẹ̀ ẹ́ sínú ìwé ìsìnkú bàbá wọn.

Má ṣe rò pé ẹni tó gba ìwé ló bí gbogbo ilé

Èyí ni àṣìṣe tó burú jù, ìtàn Ẹpẹtẹ̀dó, àdúgbò kan ní Èkó, ló sì lè jẹ́ kó yé wa dáadáa. Nígbà tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì lé Ọba Kòsọ́kọ́ ti Èkó kúrò lórí oyè ní 1851, Ẹ̀pẹ́ ló forí lé. Ọṣọ́dì Tápà, balógun rẹ̀, wà lára àwọn tó bá a lọ. Ní 1862, ìjọba gbà kí wọ́n padà sí Èkó, wọ́n sì fún Ọṣọ́dì àti àwọn èèyàn rẹ̀ ní ilẹ̀ tí wọ́n tẹ̀ dó sí. Agboolé 21 ló wà níbẹ̀. Ọṣọ́dì kú ní 1868. Lẹ́yìn ikú rẹ̀, ìjọba kọ Crown Grant fún àwọn olórí agboolé wọ̀nyẹn, orúkọ olórí kan lórí ìwé kan.

Ta ló wà nínú agboolé kọ̀ọ̀kan? Ọmọ inú wà níbẹ̀, àna wà níbẹ̀, jagunjagun wà níbẹ̀, àwọn àrọ́tà sì pọ̀ níbẹ̀, ìyẹn àwọn tó jẹ́ ẹrú tàbí ọmọ ẹrú tí ilé ti gbà mọ́ra. Tápà ni Ọṣọ́dì fúnra rẹ̀, ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo ẹni tó ń gbé lábẹ́ rẹ̀ ló jẹ́ Tápà. Bí ìyá ìyá rẹ bá ń gbé ní Ẹpẹtẹ̀dó, tí wọ́n sì ń kì í ní Ìyẹ̀rú Ọ̀kín, ọmọ Ọlọ́fà Mọjọ̀, oríkì yẹn ti sọ ohun tí Crown Grant kò lè sọ láéláé. Ọ̀fà ni ẹ̀jẹ̀ ti wá, Ẹpẹtẹ̀dó ni ibùgbé. Ẹni tó bá fi ìwé ilẹ̀ pa oríkì rẹ́ ti sọ ìran nù.

Àwọn adájọ́ fúnra wọn ti já ọ̀rọ̀ yìí. Nígbà tí ìjọba gba ilẹ̀ ní Àpápá lọ́wọ́ Olóyè Olúwa, Àmọ́dù Tìjání, ẹjọ́ náà dé ìgbìmọ̀ ọba ní Lọ́ńdọ̀nù, Herbert Macaulay sì bá olóyè náà rìnrìn àjò lọ síbẹ̀. Ìdájọ́ wọn ní 1921 gbà pé lábẹ́ àṣà wa, àwùjọ tàbí ìdílé ló ni ilẹ̀, olóyè tàbí olórí ilé sì ń mójú tó o fún wọn ni. Nítorí náà, orúkọ tí o rí lè jẹ́ ti ẹ̀gbọ́n, ti àbúrò bàbá, tàbí ti àgbà kan tí kò bí ẹnì kankan nínú yín. Kọ ọ́ sílẹ̀ bíi “olórí ilé ní ọdún báyìí”. Má kọ “bàbá” títí ẹ̀rí mìíràn yóò fi dé.

Ọjọ́ orí ìwé kì í ṣe ọjọ́ tí wọ́n dé

Àwọn Sàró, ìyẹn àwọn tí wọ́n gbà sílẹ̀ lóko ẹrú tí wọ́n padà wálé láti Freetown ní Sierra Leone, ti ń padà wọ Èkó láti ìparí àwọn ọdún 1830. Àwọn Àgùdà, ìyẹn àwọn tó padà wálé láti Brazil àti Cuba, náà ti wà níbẹ̀ kí wọ́n tó gba Èkó lọ́wọ́ Dòsùnmú. Ọba Akíntóyè àti Ọba Dòsùnmú ti fún àwọn èèyàn kan ní ilẹ̀ kí Crown Grant tó wà rárá, àwọn ará Ìsàlẹ̀ Èkó sì ti ń gbé ibẹ̀ kí ẹnikẹ́ni tó mọ̀ pé ìwé máa dé. Ìwé tó ní 1871 lórí kàn ń sọ pé ọdún yẹn ni ọ̀rọ̀ dé ọ́fíìsì. Ó lè jẹ́ pé ogún ọdún ti kọjá lórí ilẹ̀ yẹn.

Má ṣe fi sípẹ́lì òde òní wá orúkọ àtijọ́

Ọba Dòsùnmú fúnra rẹ̀ ni Docemo nínú ìwé àdéhùn 1861, àmì àgbélébùú ló sì fi ṣe ìfọwọ́sí. Bí wọ́n bá kọ orúkọ ọba báyìí, kí lẹ rò pé wọ́n máa kọ orúkọ ẹlẹ́ja? Akọ̀wé ló ń kọ ohun tí etí rẹ̀ gbọ́. Ìpàdé ẹgbẹ́ míṣọ́nnárì CMS ní Èkó ní 1875 ló ṣètò bí a ó ṣe máa kọ Yorùbá, kì í sì í ṣe gbogbo akọ̀wé ìjọba ló tẹ̀lé e lẹ́yìn náà. Ajayi lè di Adjai, Bámgbóṣé lè di Bangboshe. “Gb” lè di “b” lásán, “ṣ” lè di “s”, “sh” tàbí “ch”. Bí o bá ń wá orúkọ kan, pè é sókè bí ẹni tí kò gbọ́ Yorùbá, kí o wá kọ gbogbo ọ̀nà tó lè gbà jáde sílẹ̀ kí o tó ṣí ìwé.

Ìdàkejì rẹ̀ tún wà: orúkọ tó bára mu pátápátá tí kì í ṣe ẹnì kan náà. Táíwò, Òjó, Àjàyí, Ìdòwú, orúkọ àmútọ̀runwá ni wọ́n, gbogbo àdúgbò ló ní wọn. Àwọn Sàró tó ń jẹ́ Johnson tàbí Williams sì lè má bá ara wọn tan rárá, nítorí ọwọ́ míṣọ́nnárì ni ọ̀pọ̀ ti gba orúkọ yẹn ní Freetown. Bẹ́ẹ̀ náà ni da Silva àti da Costa láàárín àwọn Àgùdà: orúkọ ìrìbọmi, tàbí orúkọ ẹni tó ra bàbá wọn ní Bàhíà, ní Brazil.

Níbi tí orúkọ bá ti ń jọra báyìí, àwọn tó pààlà ló ń gbani. Ìwé náà á sọ pé ní àríwá, ilẹ̀ ti Lágbájá ni. Ní ìlà oòrùn, ilẹ̀ ti Tẹ̀mẹ̀dù. Á sì sọ iye ẹsẹ̀ bàtà tí ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan jẹ́. Wá ìwé àwọn méjèèjì yẹn, kí o wo bóyá orúkọ ẹni tí ò ń wá wà níbẹ̀ gẹ́gẹ́ bí aládùúgbò. Bí o bá tò wọ́n pọ̀, odindi òpópónà á jáde, o ó sì mọ Àjàyí wo ló jẹ́ tìrẹ.

Ilẹ̀ tó bọ́ lọ́wọ́ ẹnì kan sí ẹlòmíràn kì í ṣe ẹ̀rí ìbátan

Crown Grant ló jẹ́ kí ó rọrùn láti fi ilé dúró fún gbèsè. Oníṣòwò gba ọjà lọ́wọ́ àwọn ilé iṣẹ́ òyìnbó tàbí ọlọ́jà ńlá, ó fi ìwé ilé rẹ̀ sílẹ̀, òwò epo pupa wá dẹnu kọlẹ̀, ilé sì lọ. Ọ̀pọ̀ ló ṣe bẹ́ẹ̀ pàdánù ilé. Tí o bá rí i pé pùlọ́ọ̀tì kan kúrò lórí orúkọ kan bọ́ sórí òmíràn, má ṣe sáré sọ pé àna ni wọ́n. Wo bóyá wọ́n tà á, wọ́n fi dúró, tàbí kóòtù ló gbé e sí gbàǹjo.

Má sì fo orúkọ obìnrin. Ọkùnrin ló pọ̀ jù lóòótọ́, ṣùgbọ́n àwọn obìnrin oníṣòwò Èkó gba Crown Grant lórúkọ ara wọn, wọ́n ra ilé, wọ́n sì jogún. Táíwò, Kẹ́hìndé, Ìdòwú àti Àbíọ́nà kò sọ bóyá ọkùnrin ni tàbí obìnrin. Ìdílé tó ti gbà pé “bàbá” ni gbogbo orúkọ inú ìwé lè ti sọ ìyá ńlá wọn di ọkùnrin.

Má ṣe wá a níbi tí kò sí, má sì ṣe jáwọ́ níbi tó wà

Èkó lábẹ́ ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ni Crown Grant wà fún. Bí àwọn èèyàn rẹ kò bá kúrò ní Ìbàdàn, Ìjẹ̀bú Òde tàbí Ṣakí, asán ni wíwá wọn níbẹ̀. Àwọn Ẹ̀gbá kan wà tí wọn kò gbọ́dọ̀ fo èyí, ìyẹn àwọn ìdílé onígbàgbọ́ tí rògbòdìyàn Abẹ́òkúta lé jáde ní 1867, tí Gómìnà Glover, ẹni tí ará Èkó ń pè ní Gólóbà, fún ní ilẹ̀ ní Ẹ̀búté Mẹ́tta. Àwọn ará wa ní Brazil àti Cuba náà, ẹ fi í sọ́kàn pé ẹni tí wọ́n kó lẹ́rú kọjá òkun tí kò padà kò lè sí nínú ìwé wọ̀nyí. Ìbátan tó padà wálé ni ẹ lè rí. Fún irú ẹni bẹ́ẹ̀, ìwé ìrìnnà tí wọ́n gbà kí wọ́n tó kúrò ní Bàhíà wà nílé ìpamọ́ ìwé ìpínlẹ̀ náà ní Salvador. Fún àwọn Sàró, àkọsílẹ̀ àwọn tí wọ́n gbà sílẹ̀ lórí ọkọ̀ ẹrú wà ní Freetown, pẹ̀lú orúkọ àbísọ, ọjọ́ orí, gíga, àti ilà ara nígbà mìíràn.

Àwọn tó ń ka lẹ́tà ìjọba ní ilé ìpamọ́ ìwé ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ní Kew, ní Lọ́ńdọ̀nù, sábà máa ń rẹ̀wẹ̀sì nígbà tí àwọn fáìlì Èkó, CO 147, bá já lójijì. Kò sọnù. Láti 1874 títí di 1886, Èkó wà lábẹ́ Gold Coast, nítorí náà inú fáìlì CO 96 ni kí ẹ máa wò fún ọdún wọ̀nyẹn. Ní ilé, ọ́fíìsì ilẹ̀ ní Alausa ni ìwé ilẹ̀ wà, Ilé Ìpamọ́ Ìwé ti ìjọba àpapọ̀ sì wà nínú ọgbà Yunifásítì Ìbàdàn.

Ìwé ẹjọ́ dára púpọ̀, torí níbẹ̀ ni àwọn èèyàn ti búra sọ ẹni tó bí ẹni. Síbẹ̀, olùpẹ̀jọ́ àti olùjẹ́jọ́ ni wọ́n, ilẹ̀ ni wọ́n ń jà fún. Ka tọ̀tún-tòsì kí o tó gba ẹnu ẹnì kankan. Mo sì bẹ ẹ̀yin tí ẹ bá ní àdàkọ ìdájọ́ àtijọ́ nínú àpótí bàbá yín, ẹ ya fọ́tò rẹ̀ lónìí. Nígbà tí iná jó ilé ẹjọ́ gíga Igbóṣẹrẹ́ ní oṣù Kẹwàá 2020, ọ̀pọ̀ ìwé tó ti pẹ́ níbẹ̀ ló bá a lọ, àdàkọ tó wà nílé yín sì lè jẹ́ èyí tó ṣẹ́ kù.

Má ṣe gbé ìwé síwájú àgbà kí o tó gbọ́ tẹnu rẹ̀

Bí o bá kọ́kọ́ sọ fún bàbá àgbà pé “a rí orúkọ báyìí nínú ìwé 1866”, ó ṣeé ṣe kí ó wá ibi tí yóò fi orúkọ náà sí nínú ìtàn, kì í ṣe pé ó fẹ́ purọ́. Jẹ́ kí ó kọ́kọ́ ki ìdílé. Bi í léèrè ẹni tí wọ́n ń fi orúkọ rẹ̀ pe ilé, ibi tí wọ́n sin ín sí, ẹni tí wọ́n jọ ń pín ẹran ọdún, ilé tí wọ́n kì í fẹ́ níyàwó nítorí ìbátan. Gba ohùn rẹ̀ sórí fóònù bí ó bá gbà. Lẹ́yìn náà ni kí o mú ìwé jáde.

Kí o sì sọ ohun tí o bá wá fún un ní gbangba. Ilẹ̀ ti fa ìjà púpọ̀ láàárín àwọn ọmọ bàbá kan náà ní Èkó, ẹni tó bá sì rí ọ pẹ̀lú Crown Grant lè rò pé ilé lo fẹ́ tà. Ẹnikẹ́ni tó bá fẹ́ ta “Crown Grant ìdílé yín” fún ọ ní ojúde ọ́fíìsì kan, má ṣe sanwó fún un. Lọ sínú ọ́fíìsì, kí o ní kí wọ́n bá ọ wá ìwé àti ojú ewé tí wọ́n kọ ọ́ sí, kí o sì gba àdàkọ tí wọ́n lu òǹtẹ̀. Bí àwọn mọ̀lẹ́bí bá ti gbà pé ìtàn lò ń wá, àwọn gan-an ni yóò máa pè ọ́ láti sọ orúkọ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ rántí.