Ìgbà Wo Lọmọ Tó Jókòó Lórí Póò?

Ẹ̀yin ìyá, ẹ̀yin bàbá, àti ẹ̀yin ìyá àgbà tẹ́ ẹ ń bá wa wo ọmọ nílé, ẹ jọ̀ọ́, lórí ọ̀rọ̀ póò yìí, ẹ má fi ọmọ aládùúgbò wọn tiyín. Ọ̀pọ̀ ọmọ ló máa ń ṣetán láàárín oṣù 18 sí ọdún 3, tòmíì yá, tòmíì pẹ́, kò ní kí èyí gbọ́n ju èyí lọ.

Àwọn ìyá wa máa ń na ẹsẹ̀ méjèèjì, wọ́n á gbé ọmọ jókòó lé e, wọ́n á máa ṣe "ṣííí" títí á fi tọ̀. Ó dáa o, ṣùgbọ́n ìyá ló mọ àsìkò yẹn, ọmọ ò tíì mọ̀ ọ́n. Ohun tá à ń wá ni kí ọmọ fúnra ẹ̀ mọ̀ pé ìtọ̀ ń bọ̀, kó sì lè mú un mọ́ra títí á fi dé orí póò.

Ẹ wo pámpáàsì ẹ̀. Tó bá ń gbẹ fún bíi wákàtí 2, tàbí tó sun oorun ọ̀sán tó jí láìtọ̀ sára, ó ti ń sún mọ́lé. Ẹ wo ojú ẹ̀ náà: ọmọ tó ń ṣeré tó kàn dákẹ́, tó lọ lóṣòó sẹ́yìn ilẹ̀kùn tójú ẹ̀ wá le, ó ti mọ nǹkan tó fẹ́ ṣe nìyẹn. Tó bá tún lè fa pátá wálẹ̀, tẹ́ ẹ ní "lọ mú bàtà ẹ wá" tó sì mú un wá, ẹ bẹ̀rẹ̀. Ṣùgbọ́n tẹ́ ẹ bá ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ tuntun, tàbí ara ọmọ ò yá, ẹ dúró ná.

Lẹ́yìn oúnjẹ ló dáa jù kẹ́ ẹ gbé e jókòó lórí póò, torí oúnjẹ máa ń ta ìfun jí. Ìṣẹ́jú 5 ti tó, kẹ́sẹ̀ ẹ̀ kanlẹ̀.

Ẹ má nà án. Mo na ọmọ tèmi rí lórí ọ̀rọ̀ yìí, ó ṣì ń dùn mí. Ọmọ tẹ́rù ń bà á mú ìgbẹ́ mọ́nú, ìgbẹ́ yẹn á gan, tó bá wá fẹ́ yà á, á dùn ún, ló bá tún ń sá fún póò. Omi, ìbẹ́pẹ, ọsàn àti ẹ̀fọ́ ló máa ràn án lọ́wọ́, kì í ṣe pàṣán. Ti òru tún yàtọ̀ pátápátá, ọ̀pọ̀ ọmọ ọdún 4, ọdún 5 ló ṣì ń tọ̀ sílé, ẹ má pè é ní àtọ̀ọ́lé lójú àwọn ẹgbẹ́ ẹ̀.

Ìgbẹ́ ọmọ náà ní kòkòrò àrùn o, ẹ dà á sí ṣálángá, ẹ má dà á sí gọ́tà tàbí ààtàn. Lóko, ẹ gbẹ́ ilẹ̀ kẹ́ ẹ bò ó, kó jìnnà sódò, kẹ́ ẹ fọ ọwọ́ yín àti tọmọ pẹ̀lú ọṣẹ.

Tí ìtọ̀ bá ń dun ọmọ, tẹ́ ẹ rí ẹ̀jẹ̀ níbẹ̀, tàbí tí ọmọ tó ti jáwọ́ ṣàdédé ń tọ̀ sára tó sì ń mu omi láṣejù, ẹ gbé e lọ sí hẹ́ẹ̀tì sẹ́ńtà lọ́jọ́ yẹn gan-an.