Bí mo ṣe tún kíṣìnì ilé wa ní Camp tò

Yàrá mẹ́fà ló ń lo kíṣìnì kan ṣoṣo nílé tí à ń gbé ní Camp, Abẹ́òkúta. Nígbà tí inú rírun àti ìgbẹ́ gbuuru ń kárí àwa akẹ́kọ̀ọ́ inú ilé, mo ní ó tó gẹ́ẹ́.

Kànrìnkàn ni mo kọ́kọ́ dojú kọ. Ọ̀kan náà ni gbogbo wa fi ń fọ abọ́, ó ti ń yọ̀, ó sì ń rùn. Mo sọ ọ́ nù. Yàrá kọ̀ọ̀kan ti ní tirẹ̀ báyìí, a sì ń sá a sóòrùn.

Ó kan pátákó tí a fi ń gé nǹkan. Ibi tí ẹnì kan ti gé ẹja òkú Èkó tó rà ní Láfẹ́nwá ni ẹlòmíràn á ti gé tòmátì àti àlùbọ́sà tí kò ní í kan iná mọ́. Mo ya pátákó méjì sọ́tọ̀, mo fi ọ̀bẹ gbígbóná sàmì sára ti ẹran àti ẹja.

Ọ̀rọ̀ ìrẹsì ló le jù. A ó sè é lálẹ́, kò síná fún firíjì, ìkòkò á wà lórí sítóòfù mọ́jú, a ó wá gbé e kaná láàárọ̀, ká jẹ ẹ́ lọ sí kíláàsì. Kòkòrò àìfojúrí kan wà tí wọ́n ń pè ní Bacillus cereus, inú ìrẹsì gbígbẹ ló ti ń bá wa wọlé. Bó ti wù kí omi hó tó, irúgbìn rẹ̀ lè yè é. Bí ìrẹsì bá wá lọ́ wọ́ọ́rọ́ pẹ́, á hù, á sì tu oró sínú rẹ̀, oró tí a kò lè fi iná pa mọ́. Ìrẹsì náà lè má kan, kó má rùn, síbẹ̀ kó múni bì kí wákàtí 6 tó pé.

Mo lẹ ìwé mọ́ ògiri: oúnjẹ tí a sè kò gbọdọ̀ wà níta ju wákàtí 2 lọ, bí ooru bá ju 32°C, wákàtí 1 péré.

Ẹ̀gbọ́n kan bi mí pé, “Àbúrò, pẹ̀lú bí ìrẹsì ṣe wọ́n yìí, kí n wá dà á nù?”

Mo ní, “Rárá o, ẹ̀gbọ́n mi. Ìwọ̀n tí ẹ ó jẹ tán ni kí ẹ sè.”

Bí iná bá wà, abọ́ pẹlẹbẹ la ń tú èyí tó ṣẹ́kù sí kó lè tètè tutù, ká tó gbé e sí firíjì.

Ó ku ọwọ́ fífọ̀. A ti ń dá owó jọ láti ra korobá ẹlẹ́rọ omi, ká gbé e sẹ́nu ọ̀nà kíṣìnì pẹ̀lú ọṣẹ, nítorí ọjọ́ tí omi kò bá yọ.