Bí mo ṣe ṣọ́ omi nígbà tí wọ́n ń fọ́ òkúta inú kíndìnrín

Omi ni mo ń ṣọ́ ní tíátà lọ́jọ́ yẹn. Ọ̀gá wa tó jẹ́ dókítà yúrólójì, dókítà kíndìnrín àti ọ̀nà ìtọ̀, ló di skóòpù mú, ìyẹn rọ́bà tẹ́ẹ́rẹ́ tó ní kámẹ́rà lẹ́nu, èmi nọ́ọ̀sì wà nídìí dírípù, ẹni tí ò bá mọ̀ á rò pé mo kàn dúró lásán ni, àmọ́ ìdí dírípù yẹn gan-an ni wàhálà ti máa ń bẹ̀rẹ̀.

Mọ́mì kan ni wọ́n ń ṣe fún, òkúta tó tó mìlímítà 14 wà nínú kíndìnrín wọn lápá ọ̀tún. A ò la ikùn wọn rárá. Ojú ibi tí ìtọ̀ ń gbà jáde ni skóòpù tẹ́ẹ́rẹ́ yẹn gbà wọlé, ó gba àpò ìtọ̀ kọjá, ó gòkè títí dé kíndìnrín, lésà, iná alágbára tó ń gba inú wáyà tẹ́ẹ́rẹ́ kọjá, wá ń fọ́ òkúta níbẹ̀. Sálààn, omi oníyọ̀ inú dírípù tó ń gba inú skóòpù wọlé, gbọ́dọ̀ máa wọlé ní gbogbo ìgbà o, torí tí ò bá wọlé, eruku òkúta á bo kámẹ́rà, ọ̀gá ò ní ríran, lésà náà á sì máa mú omi ibẹ̀ gbóná, tó bá kọjá 43 dígírì tó sì pẹ́ bẹ́ẹ̀ ó lè ba ẹran ara jẹ́.

Ṣùgbọ́n omi tó wọlé náà gbọ́dọ̀ rọ́nà jáde. Inú ibi tí ìtọ̀ ń kó jọ sí nínú kíndìnrín ò gbà ju ṣíbí tíì kan sí méjì lọ. mmHg tí wọ́n fi ń wọn BP náà ni wọ́n fi ń wọn prẹ́ṣọ̀ ibẹ̀, kì í sábà kọjá 15, tó bá ti ń lé ní 30, omi á máa fipá wọ inú iṣan ẹ̀jẹ̀, kòkòrò tó fara pamọ́ sínú òkúta á bá a wọlé. Iṣẹ́ á parí dáadáa, tó bá di ìrọ̀lẹ́ ara aláìsàn á máa gbọ̀n, BP á já wálẹ̀. Sepsis nìyẹn, àìsàn tí kòkòrò inú ẹ̀jẹ̀ ń fà, ó ń pààyàn.

A ti yẹ ìtọ̀ mọ́mì wò ṣáájú, wọ́n rí kòkòrò tó ń jẹ́ E. coli, wọ́n sì ti lo antibáyótíìkì tó bá a mu kí wọ́n tó wọ tíátà. Èmi wá fi téèpù wọn bí àpò sálààn ṣe ga sí láti ibi tí kíndìnrín wọn wà lórí tábìlì, mo gbé e sí sẹ̀ǹtímítà 60. Bí àpò bá ṣe ga tó ni prẹ́ṣọ̀ ṣe ń pọ̀ tó, sẹ̀ǹtímítà 40 péré ti tó 30 mmHg tí omi ò bá rọ́nà jáde, sheath ló jẹ́ ká lè gbé e ga tó bẹ́ẹ̀, ìyẹn rọ́bà tí skóòpù ń gba inú ẹ̀ kọjá, omi á máa gba ẹ̀gbẹ́ skóòpù jáde. Ọ̀gá wa kì í jẹ́ kí skóòpù fẹ̀ ju ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin inú sheath. Skóòpù tó ń fi nọ́ńbà prẹ́ṣọ̀ hàn lójú tẹlifíṣọ̀n ti wà lóde, irú LithoVue Elite, a ò ní in, ojú wa la fi ń ṣọ́ ọ.

Ẹnu sheath ni mo tẹjú mọ́. Omi ń kán, ó ń kán, ó wá dáwọ́ dúró. Mo ní "Ọ̀gá, omi ò jáde mọ́ o," mo ti pa dírípù kí wọ́n tó dáhùn. Wọ́n fa skóòpù sẹ́yìn, eruku funfun tó dí i bíi gọ́tà tó kún fún ìdọ̀tí wá tú jáde, omi tún ń ṣàn.

Dókítà kékeré tó ń kọ́ṣẹ́ ní "Sístà, ẹ jọ̀ọ́ ẹ fún páḿpù yẹn, a ò ríran." Páḿpù ọwọ́ tó ń ti sálààn wọlé ló ń sọ. Mo fún un jẹ́jẹ́ lẹ́ẹ̀kan, mo dúró. Téèyàn bá fi agbára fún un, kíá ni prẹ́ṣọ̀ ń kọjá 100 mmHg. Tí wọ́n bá sì fẹ́ yọ wáyà lésà jáde, mo máa ń sọ àpò sálààn kalẹ̀ ná, torí wáyà yẹn ló gba àyè nínú ihò skóòpù, tó bá ti kúrò omi á ya wọlé lójijì. Àwọn kan kì í ka èyí sí, ó dùn mí.

Nígbà tí wọ́n fi stent sí i tán, rọ́bà kékeré tó ń jẹ́ kí ìtọ̀ máa ṣàn láti kíndìnrín wá sínú àpò ìtọ̀, mo kọ ọ́ sínú nóòtì fún wọ́ọ̀dù pé tí mọ́mì bá gbọ̀n pẹ́nrẹ́n, kí wọ́n má kàn fi bùláńkẹ́ẹ̀tì bò wọ́n, kí wọ́n wọn BP, kí wọ́n pe dókítà lójú ẹsẹ̀. Ilẹ̀ mọ́, wọn ò gbọ̀n, ara wọn ò sì gbóná.