Ìbéèrè tó mú kí n tú tábìlì ńlá wa ká

"Ṣé o lè kó àwọn oògùn tó wà lórí àtẹ tá ò tíì tà rí jáde fún mi?" Ọ̀gá wa obìnrin ló bi mí bẹ́ẹ̀, ní ṣọ́ọ̀bù oògùn tí mò ń ṣe ìròyìn ọjà fún n'Ìbàdàn. Mo ní, "Ẹ fún mi lọ́jọ́ díẹ̀, mà."

Tábìlì kan ṣoṣo ni mo gbé láti Excel wọ inú Power BI, ètò kọ̀ǹpútà tí mo fi ń ṣe ìròyìn náà: ọjọ́, ẹ̀ka, àdúgbò, oògùn, irú oògùn, iye, owó. Ìlà kọ̀ọ̀kan jẹ́ ọjà kan tí wọ́n tà. Oògùn tí ẹnikẹ́ni ò rà kò ní ìlà kankan níbẹ̀, ibo ni mo ti fẹ́ rí i?

Mo bá tú u ká. Oògùn ní dimension table (tábìlì tó ń ṣàpèjúwe nǹkan) tirẹ̀, ẹ̀ka ní tirẹ̀, kàlẹ́ńdà náà ní tirẹ̀. Títà nìkan ló kù láàárín. Star schema ni wọ́n ń pè é, Ralph Kimball, onímọ̀ nípa ìṣètò dátà, sì ti kọ ọ́ sínú ìwé láti 1996. Àmọ́ inú ìwé ibi ìkẹ́rùsí ni mo ti kó orúkọ oògùn, n ò kó o látinú títà. Ẹni tó bá yọ ọ́ látinú títà, ohun tó ti tà náà ni yóò ṣì máa rí.

Nígbà tí mo so tábìlì oògùn àti tábìlì títà pọ̀, ìlà kan yọ tí wọ́n kọ Blank sí (òfìfo, ìyẹn títà tí orúkọ rẹ̀ kò bá tábìlì oògùn mu), owó ńlá sì wà níwájú rẹ̀. "Paracetamol 500mg" ló wà nínú ìwé ìkẹ́rùsí; "PCM 500" ni ẹ̀ka kan ń kọ nígbà tí wọ́n bá tà á. Ọjọ́ méjì ni mo fi tún orúkọ ṣe, kí n tó fún oògùn kọ̀ọ̀kan ní nọ́ńbà. Ìyẹn gan-an ló gba agbára mi jù.

Àwọn kan á ní torí kí ìròyìn lè yára la ṣe ń pín tábìlì. Ní tèmi, torí kó lè sọ òótọ́ ni. Àfojúsùn oṣooṣù ẹ̀ka kọ̀ọ̀kan, tí mo ti lẹ̀ mọ́ gbogbo ìlà tẹ́lẹ̀, ń ro ara rẹ̀ pọ̀ ní àìmọye ìgbà; mo yà á sọ́tọ̀, mo so ó mọ́ ẹ̀ka àti kàlẹ́ńdà, ó sì bọ́ sípò.

Ó ku ìdáhùn ọ̀gá. Power BI máa ń fi ohun tí iye rẹ̀ ṣófo pamọ́, torí náà mo kọ ìṣirò mi báyìí: SUM(Tita[Iye]) + 0, kí òfìfo lè di òdo. Oògùn 19 ló jáde pẹ̀lú òdo. Wọ́n ní kí n tẹ̀ ẹ́ sórí bébà, wọ́n mú un, wọ́n sì lọ yẹ ọjọ́ tí ọ̀kọ̀ọ̀kan máa bàjẹ́ wò.