Odò inú àwòrán mi kò jọ omi: ìbéèrè àti ìdáhùn

Ìbéèrè: Ẹ jọ̀wọ́, odò tí mo kùn dà bí ẹni pé ó ń gun òkè. Kí ló fà á?

Ìdáhùn: Bèbè yín ló dàgẹ̀rẹ̀ jù. Ojú omi a máa tẹ́jú, torí náà bó ṣe ń jìnnà ni bèbè rẹ̀ ń dùbúlẹ̀ sí i. Ẹ kọ́kọ́ fa ìlà ibi tí sánmà ti pàdé ilẹ̀. Bí omi iwájú bá gba sẹ̀ǹtímítà 10 lóòró lórí kánfáàsì, ibi tí odò ti yà lẹ́yìn rẹ̀ lè gba 3, èyí tó jìnnà jù kò ju ìlà tín-ín-rín lọ.

Ìbéèrè: Igbó òdìkejì kò jìnnà sójú.

Ìdáhùn: Àwọ̀ ewé rẹ̀ ló le jù. Ẹ po funfun àti búlúù díẹ̀ mọ́ ọn, kí ẹ wá fi pupa bíńtín dín títàn rẹ̀ kù. Ẹ má ya ewé lọ́kọ̀ọ̀kan níbẹ̀. Àwọ̀ tó dúdú jù, iwájú ni kó wà.

Ìbéèrè: Òjìji igi nínú omi dà bí igi mìíràn tó dorí kodò. Níbo ni mo ti ṣì í?

Ìdáhùn: Ẹ kọ́kọ́ wo ibi tó bọ́ sí. Tààrà lábẹ́ igi ni, ibi yòówù kí oòrùn wà. Ọ̀pọ̀ ló ń fi òjìji orí ilẹ̀ ṣi èyí mú. Igi tó tẹ̀ sí ọ̀tún, òjìji rẹ̀ náà á tẹ̀ sí ọ̀tún. Bí igi bá jìnnà sétí omi, bèbè á bo ìdí igi nínú òjìji rẹ̀, orí igi nìkan la ó rí.

Àwọ̀ ló kù. Ohun tó dúdú, ẹ jẹ́ kó mọ́ díẹ̀ sí i nínú omi. Ohun tó funfun, kó ṣú díẹ̀. Nígbà tí ọ̀dà ṣì tutù, ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì pẹlẹbẹ gbígbẹ fà á sísàlẹ̀, kí ẹ sì fọwọ́ fẹ́rẹ́ gbá a níbùú lẹ́ẹ̀kan tàbí lẹ́ẹ̀mejì. Ọ̀dà tí wọ́n ń pè ní akirílíìkì tètè ń gbẹ: ẹ wọ́n omi sí i, ẹ kùn ún ní abala kéékèèké.

Ìbéèrè: Mo gbá a, àwọ̀ rẹ̀ dà rú bí ẹrẹ̀.

Ìdáhùn: Ẹ gbá a jù, tàbí ẹ kò nu búrọ́ọ̀ṣì. Ẹ jẹ́ kó gbẹ pátápátá, kí ẹ tún un kùn.

Ìbéèrè: Ìlà ìmọ́lẹ̀ ojú omi ńkọ́?

Ìdáhùn: Méjì tàbí mẹ́ta tó. Kó tẹ́jú, kó má sì gba etí kan dé èkejì.